Ẹni Tí Àpò Èéfín Lè Gbé

Àìná rò pé àgọ́ ni ọkùnrin náà fẹ́ rán. Ìdì aṣọ òwú funfun tó rù wọlé pọ̀ débi pé àfi tó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì kan fẹ́ ṣe ìkórè níta gbangba. Ó kí i káàbọ̀, ó gbé àpótí fún un kó jókòó, ó sì béèrè bí àgọ́ náà yóò ṣe gùn tó.

"Kì í ṣe àgọ́." Ọkùnrin náà yọ ọsàn kan nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó bó o, ó sì ya á sí wẹ́wẹ́ lórí tábìlì tí Àìná fi ń gé aṣọ. "Ṣé o rí bí inú rẹ̀ ṣe pín? Bí mo ṣe fẹ́ kí o gé e nìyẹn. Lẹ́yìn náà kí o rán gbogbo ẹ̀ pọ̀ kó di odidi ọsàn padà."

"Kí ọsàn ọ̀hún tóbi tó kí ni?"

"Kó ga ju ilé yìí lọ."

Àìná wò ó dáadáa, bóyá ó mutí. Ojú rẹ̀ mọ́, ẹ̀wù rẹ̀ mọ́, ó sì lọ kọ́là rẹ̀ dáadáa. "Ẹ jọ̀ọ́, bùrọ̀dá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi fò ni."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Àìná kó tó rántí pé oníbàárà ni. Ọkùnrin náà kò bínú. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó mú ọ̀kan nínú ọsàn tó ya, ó nà án sí i. Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn ní àdúgbò Nasarawa, ní Kaduna, ní ọdún 1958.

Fọlábí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń wo ojú ọjọ́ ní pápá bàálù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gáàsì sínú bàlúùnù ńlá láràárọ̀, kó tú u sílẹ̀, kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ máa wo ibi tí atẹ́gùn ń gbé e lọ.

"Ọdún wo ni mo ti ń tú u sílẹ̀," ló sọ fún Àìná lọ́jọ́ kan tó wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. "Ó ń lọ, èmi ń dúró. Ìdúró yẹn ti sú mi."

Kò ní mú gáàsì ìjọba, ó ní olè kọ́ ni òun. Ooru iná ló fẹ́ lò. Bí èéfín bá kún inú àpò ńlá, tí kò sì rí ibi jò, yóò gbé àpò náà sókè, àti ohun tí wọ́n bá so mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri ló ti ra aṣọ tó ní àbùkù ní pọ̀ọ́kú. Oje igi tí àwọn Hausa ń pè ní karo ló fẹ́ sè, kó fi kùn ún kí èéfín má baà gba ojú òwú jáde.

Iṣẹ́ náà gba oṣù rẹpẹtẹ. Àìná ń rán aṣọ àwọn oníbàárà yòókù lówùúrọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́, Fọlábí á dé láti ibi iṣẹ́. Yóò di etí aṣọ náà mú kó má baà wọ́ nílẹ̀, Àìná yóò máa wa ẹ̀rọ. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ara wọn nìyẹn. Nígbà tí aṣọ náà pọ̀ débi pé ó kún yàrá, ó di pé wọn kì í rí ojú ara wọn mọ́, ohùn nìkan ni. Ìgbà yẹn ni ohùn Fọlábí wá láti ẹ̀yìn aṣọ:

"Àìná."

"Mo ń gbọ́."

"Tí mo bá ní kí n fẹ́ ọ, ṣé wàá rẹ́rìn-ín bíi ti ọjọ́ yẹn?"

Ẹ̀rọ náà dúró. Àìná jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí aṣọ, inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù bà á. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ wá sọ ọ́ níwájú mi kí n rí yín."

Ó ká aṣọ náà sẹ́yìn, ó sì wá.

Bàbá Àìná, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runtọ́ba, akọ̀wé ìjọba ni, ará Ìsánlú, ìlú Yorùbá tó wà lábẹ́ ìjọba Àríwá. Òun nìkan ló tọ́ Àìná látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó ti fi ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ Emmanuel, olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọ ìlú wọn, àwọn ará ilé Emmanuel sì ti wá kí i lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, Fọlábí kò lọ fúnra rẹ̀. Matilda ló bẹ̀ kó bá òun lọ, ìyàwó Gbádégẹṣin tí òun àti Fọlábí jọ ń ṣiṣẹ́. Matilda àti Àìná jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í pariwo.

Matilda kúnlẹ̀, ó kí bàbá, ó rò fún un. Bàbá jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ọmọ ibo lo ní?"

"Ọmọ Abẹ́òkúta ni, sà. Yorùbá bíi tiwa ni."

"Matilda, bíi tiwa kọ́. Èmi tí o ń wò yìí, ọmọ Àríwá ni ìwé ìjọba kà mí sí. Ìyẹn ni mo ṣe ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé o ò rí bí wọ́n ṣe ń yọ àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fi ọmọ Àríwá rọ́pò wọn? Tí wọ́n bá yọ òun náà lọ́la, níbo ló máa mú ọmọ mi lọ?"

"Wọ́n lè jọ lọ sílé rẹ̀, sà."

"Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí! Kí n máa wo ojú ta ni nínú ilé yìí?" Bàbá dìde dúró. "Haba! Ọkùnrin tó ń rọ èéfín sínú aṣọ, tó ní òun máa gùn ún lọ sójú ọ̀run. Ṣé o lè fi àbúrò tìrẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Sọ òótọ́."

Matilda dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì lọ.

Ó tún padà lọ lẹ́yìn Àjíǹde, ó tún lọ nígbà òjò. Èsì kan náà ni. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Àìná kò dẹ́kun rírán àpò náà, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ló ti ń rí Fọlábí. Fọlábí ní ojú kan tó máa ń ní tó bá ń fọwọ́ tọ́ ojú rírán náà wò. Bíi ti ẹni tó ń gbọ́ orin ni. Àìná máa ń wo ojú náà, á máa bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó wo òun bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà mìíràn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà mìíràn kò dá a lójú.

"Jẹ́ kó gbéra ná," ni Fọlábí máa ń sọ. "Tí gbogbo Kaduna bá gbójú sókè tí wọ́n rí mi, bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ló máa ránṣẹ́ pè mí."

Ìgbà ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé àpò náà lọ sí pápá kan lẹ́yìn Kakuri, lẹ́bàá odò. Fọlábí ní bí ìta bá ṣe tutù tó ni ooru inú àpò yóò ṣe lágbára tó. Àárọ̀ Satidé ni, àwọn mẹ́rin péré ni wọ́n wà níbẹ̀, òun, Àìná, Gbádégẹṣin àti Matilda. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n dáná koríko gbígbẹ sí i, wọ́n sì gbé ẹnu àpò náà lé e lórí. Àpò náà mí, ó wú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde bí ẹni tó ń jí lójú oorun. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n so pákó ìjókòó kan mọ́, bíi ti jangilófà. Okùn gígùn kan so ó mọ́ ìdí igi mángòrò.

Fọlábí jókòó sórí pákó náà. Àpò fà á, gìgísẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ náà kúrò. Ibẹ̀ ló dúró sí. Wọ́n tún koná mọ́ ọn, wọ́n bọ́ bàtà àti kóòtù rẹ̀, síbẹ̀ kò lọ sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sínú eruku, ó sì bo ojú.

"Àpò yìí dára," ni Gbádégẹṣin wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ìwọ lo wúwo. Ká ní ẹni tó fúyẹ́ ni..."

Kò wo ẹnì kankan nígbà tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ gbogbo wọn ń wo Àìná.

"Rárá," ni Fọlábí wí. "Ẹ má tiẹ̀ rò ó."

Àmọ́ Àìná ti rí i. Kí Fọlábí tó sọ "rárá", ojú tí ó máa ń fi wo ojú rírán ló kọ́kọ́ fi wo òun, ojú ẹni tó ń gbọ́ orin. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń retí ojú yẹn.

"Èmi ni mo rán an," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó."

"Àìná, tí nǹkan bá ṣe ọ́..."

"Ẹ mú okùn dáadáa, kò sí nǹkan tó máa ṣe mí."

Ó fi ìró rẹ̀ dì mọ́ ẹsẹ̀, ó jókòó, ó sì di okùn mú lọ́tùn-ún lósì. Ilẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ láìdágbére.

Kò mọ̀ pé yóò parọ́rọ́ bẹ́ẹ̀. Ó rò pé atẹ́gùn yóò máa pariwo, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń gbọ́ ọmọ tó ń sunkún ní Kakuri, àti ẹnì kan tó ń gún nǹkan nínú odó. Páànù ilé tẹ́ lọ bí àkísà tí wọ́n sá. Odò Kaduna ti gbẹ kù sí àárín, ó ń dán. Ọkọ̀ ojú irin kan ń lọ lọ́nà jíjìn, kéékèèké. Ẹ̀rù kò bà á rárá. Ó rẹ́rìn-ín sókè, òun nìkan, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó wo ìsàlẹ̀, ó wá Fọlábí, ó rí i tó gbé orí sókè, tí ẹnu rẹ̀ là. Àìná juwọ́ sí i.

Fọlábí kò juwọ́ padà. Àpò náà ló ń wò. Ó ń nàka sí ibì kan lókè orí Àìná, ó ń fi han Gbádégẹṣin.

Ìgbà náà ni okùn já.

Atẹ́gùn gbé e kọjá orí odò. Àpò náà ń tutù bó ṣe ń lọ, ó ń rọ̀, òkúta inú odò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Ohun tó gbọ́ kẹ́yìn ni igbe Matilda.

Ìbàdí rẹ̀ ló ṣẹ́. Nígbà tó lajú ní ọsibítù, bàbá rẹ̀ wà lẹ́bàá rẹ̀, ó ń lé eṣinṣin kúrò lójú rẹ̀. Fọlábí kò rí ọ̀nà wọlé àfi ìgbà tí bàbá lọ sí ọ́fíìsì. Ó sáré wọlé, ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àìná, ó gbé ọ," ló wí. "Ó gbé ọ!"

Lẹ́yìn náà ló rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì funfun dì láti ìbàdí dé kókósẹ̀. Ó gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ó sì sunkún bí ọmọdé títí nọ́ọ̀sì fi lé e jáde. Àìná fọwọ́ pa orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn kò kúrò létí rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ mú kí wọ́n ru àpò náà wá láti etí odò, ó sì sun ún níwájú ilé lójú gbogbo èèyàn. Fọlábí dúró níbẹ̀. Wọ́n ní kò kúrò títí àpò náà fi di eérú.

Àìná padà sílé, ẹsẹ̀ kan ti kúrú ju èkejì lọ. Ó ń tiro. Nígbà tó yá, àwọn ará ilé Emmanuel wá. Wọ́n kí bàbá kú ìrora, wọ́n mu omi, wọ́n sì ṣàlàyé pé ọ̀dọ̀ àwọn, obìnrin ní láti lè roko, kó lè pọnmi lókè. Wọ́n sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ló ránṣẹ́ pe Matilda. Àìná wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Sọ fún ọmọkùnrin yẹn kó wá."

"Bàbá! Ẹ ti gbà?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe?" Ohùn bàbá ti rọ̀ bíi ti arúgbó. "Ta ló tún máa fẹ́ ẹ? Òun ló sọ ọ́ dà báyìí. Kó wá gbé e."

Fọlábí dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Kò tiẹ̀ paṣọ dà. Nígbà tí bàbá fi wọ́n sílẹ̀, Àìná bi í pé, "Ṣé nítorí ẹsẹ̀ mi lẹ ṣe wá?"

"Nítorí rẹ ni mo ṣe wá."

"Tí ẹsẹ̀ mi bá pé ńkọ́?"

"Ṣebí mo ti ń ránṣẹ́ nígbà tó pé? Ìgbà mélòó ni Matilda wá síbí?"

Òótọ́ ni. Àìná di òótọ́ náà mú, ó sì gbé e wọ ilé ọkọ.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Fọlábí ní ọ́fíìsì ti fi ọmọ Àríwá rọ́pò òun. Ó rí iṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri, ó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Ọkọ rere ni. Òun ló ń pọnmi. Tí ọyẹ́ bá dé tí ìbàdí Àìná ń ro ó, á yọ́ àdí, á fi pa á títí yóò fi sùn. Kò bú u rí, kò sì na ọwọ́ sí i rí. Ọmọ kò dé, kò sì jẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ láti Abẹ́òkúta fi ìyẹn yọ Àìná lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n kì í wo òkè mọ́. Tí ọkọ̀ òfurufú bá ń kọjá tí gbogbo àdúgbò jáde, ilẹ̀ ni Fọlábí máa ń wò. Lọ́jọ́ kan Àìná ò lè mú un mọ́ra.

"Ẹ jẹ́ ká rán òmíràn," ló wí. "Mo ṣì mọ bí mo ṣe gé e."

Fọlábí fi ṣíbí sílẹ̀. "Kí lo sọ?"

"Mo fẹ́ tún lọ. Ẹ ò mọ bó ṣe rí lókè yẹn."

"Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́ lẹ́ẹ̀kan!"

"Ẹ ò pa mí. Kò sọ́jọ́ tí mo wà láyé tó ìyẹn."

Ó dìde nídìí oúnjẹ, ó jáde, kò sì padà wọlé títí Àìná fi palẹ̀ abọ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé. Ohun kan ṣoṣo tó mú wọn pàdé ti di ohun tí wọn kò lè sọ, wọn kò sì rí òmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ń kí ara wọn kú iṣẹ́. Wọ́n ń bi ara wọn bóyá iyọ̀ ṣì kù.

Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn sójà gba ìjọba. Ọ̀pọ̀ ará Ìwọ̀-Oòrùn ní Kaduna ń sọ̀rọ̀ àtilọ sílé. Gbádégẹṣin ti ṣáájú lọ sí Èkó, Matilda náà sì fẹ́ lọ bá a. Ó wá gba búláòsì tí Àìná rán fún un, ó sì wá dágbére.

"Ọkọ mi ní ààyè wà fún Fọlábí ní ọ́fíìsì ojú ọjọ́ ní Ìkẹjà," ló wí bó ṣe ń wọ búláòsì náà wò. "Iṣẹ́ tó mọ̀ dáadáa. Fọlábí ní òun ò lọ, nítorí rẹ àti bàbá tó ń ṣàìsàn. Àìná, dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, irú ọkọ yìí ṣọ̀wọ́n. Kì í kúkú ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí."

"Ìgbà àkọ́kọ́ kí ni?"

"Kò sọ fún ọ? Ọ́fíìsì ò lé e nígbà yẹn o. Èkó ni wọ́n ní kó lọ. Ó ti dágbére fún wa, ó ti di ẹrù. Ó ní bàbá rẹ kò lè gbà láéláé, ó ti rẹ òun. Bí òun bá ti rí i pé àpò yẹn gbéra, ó parí, òun á wọ ọkọ̀ ojú irin. Àfi bí o ṣe já bọ́! Ló bá tú ẹrù kalẹ̀, ó kọ ìwé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní òun ò lè fi ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ọkùnrin mélòó ló lè..."

Matilda yíjú padà, ó rí ojú Àìná, ọ̀rọ̀ sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ti di ẹrù rẹ̀," ni Àìná wí. "Kí n tó gùn ún."

"Àìná, kì í ṣe bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀, Anti. Ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn búláòsì yẹn. Ó fún yín díẹ̀."

Ó tú u, ó tún un rán, ó sì ká a fún un. Àwọn méjèèjì sunkún nígbà tí wọ́n ń dágbére, ẹni tó bá sì ń wò wọ́n yóò rò pé nítorí Èkó ni.

Kò bá Fọlábí jà. Kò bi í léèrè nǹkan kan, nítorí pé kò sí èsì tí Fọlábí lè fún un tí yóò tù ú nínú. Ọkùnrin tó purọ́ fún un nínú ọ̀rọ̀ yẹn náà ló ti ń pọnmi fún un láti ọdún yẹn. Ó wò ó nígbà tó ń jẹun ìrọ̀lẹ́, irun orí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, èjìká rẹ̀ sì ti tẹ̀. Ó rí i pé òun ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn ló dùn ún jù.

"Matilda sọ ti Ìkẹjà fún mi," ló wí. "Ẹ lọ."

"Mo ti ní mi ò lọ."

"Ẹ lọ, ẹ wá ilé sílẹ̀. Tí ara bàbá bá yá, màá wá bá yín."

Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ara bàbá kò ní yá. Fọlábí kọ̀. Ó ní kí ni òun fẹ́ lọ ṣe, ta ni yóò máa pọnmi. Àìná ní òun á máa ra omi lọ́wọ́ mai ruwa. Fọlábí tún kọ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Kì í ṣe pé mo ṣe ọ́ ní nǹkan?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ, Àìná wà nínú yàrá, ó ń wé gèlè kó lè sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin. Fọlábí wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi okùn di àpótí rẹ̀. Àìná dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́ ohun kan tí kò tíì gbọ́ rí látìgbà tó ti wọ ilé ọkùnrin yìí. Fọlábí ń súfèé. Orin kan tí kò ní orí tí kò ní ìdí ni, jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì hàn gbangba pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Àìná fà sẹ́yìn. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí súfèé náà fi tán, kí ojú má baà ti Fọlábí. Lẹ́yìn náà ló tiro jáde, ó bá a di ẹnu okùn kejì mú, wọ́n sì jọ so ó.